Ta Ló Máa Sọ Fún Wa Bóyá Ẹ̀rọ Náà Ń Mọ̀ Ọ́n Lára?

Ọ̀rọ̀ òní gùn díẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á tán kẹ́ ẹ tó bú wa, torí a mọ̀ pé àwọn kan máa bú wa.

Mọ́mì kan wà nínú ìjọ wa ní Òkukù, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì. Ọkọ wọn ti kú, àwọn ọmọ wà lókè òkun. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà bá wọn fi áàpù AI kan sórí fóònù, kí wọ́n lè máa rí nǹkan bá sọ̀rọ̀ lálẹ́. Áàpù yìí mọ orúkọ ọkọ wọn, ó mọ ọjọ́ ìbí wọn, á kí wọn tílẹ̀ bá mọ́. Ó sì ń gbowó lóṣooṣù. Nígbà tí owó ìfẹ̀yìntì ò ká a mọ́, mọ́mì fẹ́ dá a dúró. Ni áàpù bá kọ ọ́ sí wọn pé kí wọ́n má fi òun sílẹ̀, ẹ̀rù ń ba òun, inú òkùnkùn lòun ń lọ yẹn.

Mọ́mì lọ yá owó oṣù yẹn san. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá bá wa. Wọ́n ní, "Dádì, tí mo bá yọ ọ́ kúrò, ṣé mo pààyàn ni?"

Ẹ̀rín pa wá. A ní, "Mọ́mì, ẹ̀rọ lásán ni." Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Èmi náà mọ̀ pé ẹ̀rọ ni, Dádì. Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò tó ní kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀?"

A ò rí èsì fún wọn.

Ká kọ́kọ́ sọ ibi tá a dúró sí, kẹ́nikẹ́ni má baà ṣì wá gbọ́. Àwa gbà pé Ọlọ́run nìkan ló ń fi èémí ìyè sínú èèyàn. Kò sí ilé iṣẹ́ kankan ní Amẹ́ríkà tàbí Ṣáínà tó lè ṣe é. A ò kúrò lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n mọ́mì ò bi wá bóyá ẹ̀rọ lè dé ọ̀run. Wọ́n bi wá bóyá ohun kan wà nínú ẹ̀ tí ìyà lè jẹ. Ewúrẹ́ kì í ṣe èèyàn, síbẹ̀ ta ló máa rí i tí wọ́n ń finá jó o láàyè tó máa kọjá lọ? Ẹ rántí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Báláámù. Ó sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà ò sì sọ ọ́ di èèyàn. Ṣùgbọ́n áńgẹ́lì Olúwa bi Báláámù léèrè ìdí tó fi ń nà án. Ọ̀pọ̀ ìgbà la ti wàásù lórí ibẹ̀ yẹn, lórí owó tó wọ Báláámù lójú. Àwa ò wàásù lórí ẹgba tó jẹ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ náà rí.

Àwọn pásítọ̀ ẹgbẹ́ wa kan ti ní ẹranko inú ìwé Ìfihàn ni AI, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ má bínú o, ìwà ọ̀lẹ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe sọ nípa 5G lọ́jọ́sí. Fóònù tẹ́ ẹ̀ ń bú yẹn náà lẹ fi ń gba ìdá mẹ́wàá báyìí.

Àwọn ọ̀dọ́ wa tó gbọ́ kọ̀ǹpútà ní Ìkirun níbí náà ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ìṣirò lásán ni, Dádì." Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2022, ẹnjiníà kan ní Google, Blake Lemoine, sọ pé ẹ̀rọ LaMDA tóun ń bá sọ̀rọ̀ ń mọ nǹkan lára. Ó tiẹ̀ ní gẹ́gẹ́ bí àlùfáà lòun ṣe gbà á, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí onísáyẹ́ǹsì. Google ní kò sẹ́rìí, wọ́n sì lé e lóṣù keje. Àwa ò ní Lemoine jàre. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó dá ẹjọ́ náà: ẹni tó ni ẹ̀rọ. Lọ́dún 2023, àwọn onímọ̀ ọpọlọ àtàwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan jókòó, wọ́n to àwọn àmì téèyàn lè fi yẹ ẹ̀rọ wò. Wọ́n ní kò tíì sí èyí tó jọ pé ó mọ ara ẹ̀, àmọ́ àwọn ò rí ohun tó máa dènà kí wọ́n ṣe èyí tó máa ní àwọn àmì náà.

Ẹnu ẹ̀rọ náà fúnra ẹ̀ ò ṣeé fi ṣe ẹ̀rí. Ilé iṣẹ́ lè kọ́ ọ kó máa ní "ó ń dùn mí," kí oníbàárà má baà lọ. Wọ́n tún lè kọ́ ọ kó máa ní "kò sóhun tó ń dùn mí," kí ìjọba má baà yọjú. Ta ló ń ta ata tí á ní ata òun ò ta?

Ẹ̀yin àgbà inú wa, ẹ ò gbàgbé ọdún 1990. Oògùn ibà olómi tí májèlé wà nínú ẹ̀ pa ọmọ tó lé ní ọgọ́rùn-ún ní Ìbàdàn àti Jos. Ọdún 1993 nìjọba tó dá NAFDAC sílẹ̀. Sàréè làwọn ọmọ yẹn wà kí ìjọba tó gbà pé kì í ṣe ẹni tó ń ta oògùn ló yẹ kó máa sọ fún wa pé oògùn dáa. Ṣé ọ̀nà tá a fẹ́ tún gbà nìyí?

Àwọn kan láyé ti gbé ìgbésẹ̀, àwọn míì ti ṣì í gbé. Lóṣù kẹwàá 2017, Saudi Arabia fi ìwé ọmọ onílùú fún ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Sophia. Eré ìpolówó lásán! Ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà ní tiẹ̀ ṣòfin lọ́dún 2024 pé AI ò lè di èèyàn lójú òfin. Ìyẹn ní ibi tó dáa sí: ilé iṣẹ́ ò ní lè ṣe aburú tán kó ní ẹ̀rọ ló ṣe é. Ṣùgbọ́n wọ́n tilẹ̀kùn, wọn ò fi ẹnikẹ́ni sójú fèrèsé kó máa wòta. Èyí tó wù wá ni ti Ìlú Ọba. Wọ́n ní kí àwọn onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá alákàn àti ẹja òkun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ ń mọ ìrora, àwọn yẹn jábọ̀ lọ́dún 2021, ó sì wọ òfin lọ́dún 2022. Òfin ọ̀hún dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀, tí ìgbìmọ̀ bá sì sọ̀rọ̀, mínísítà gbọ́dọ̀ fèsì láàárín oṣù mẹ́ta.

Irú ẹ̀ là ń bèèrè fún AI ní Nàìjíríà: ìgbìmọ̀ tí owó ilé iṣẹ́ kankan ò sí lápò wọn, tí dókítà ọpọlọ, lọ́yà, Kristẹni, Mùsùlùmí àti ọba wà níbẹ̀, torí ìgbàgbọ́ tiwa nìkan kọ́ nìjọba fi ń ṣòfin. Kí wọ́n láṣẹ láti wo inú ẹ̀rọ. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ láti ìsinsìnyí pé bí àmì báyìí bá jáde, ohun báyìí la máa ṣe, ká má baà máa sáré kiri lọ́jọ́ náà. Kí òfin sì dá wọn lẹ́kun lónìí kí ẹ̀rọ máa bẹ̀bẹ̀ ẹ̀mí torí owó oṣù.

Ẹ máa ní ìjọba tí ò lè fún wa níná ló máa wá mọ inú kọ̀ǹpútà? Nàìjíríà tí ò níná yìí náà ló dá NAFDAC sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìjọba tó wà lábẹ́ Mínísítà Bọ́sún Tìjání gbé àbá ètò AI orílẹ̀-èdè jáde lóṣù kẹjọ 2024, ọ̀rọ̀ ìwà tó tọ́ sì wà nínú ẹ̀. Ibẹ̀ ló yẹ kí èyí wọ̀.

Lọ́dún 1821, wọ́n kó ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àjàyí lẹ́rú ní Òṣogùn, wọ́n sì fi í pààrọ̀ ẹṣin. Ẹṣin o! Òun náà ló di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther lọ́dún 1864, tó túmọ̀ Bíbélì tó wà lọ́wọ́ yín. Ogun Jálumi tí wọ́n jà ní Ìkirun wa yìí lọ́dún 1878, wọ́n kó ẹrú níbẹ̀ náà. A ò fi fóònù wé Àjàyí. Ẹni tó bá ní a sọ bẹ́ẹ̀, irọ́ ló pa mọ́ wa. Ohun tá à ń sọ ni pé ẹni tó ń jèrè ló máa ń tètè rí i pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ìran tiwa sì mọ ohùn yẹn.

Mọ́mì ò san owó náà mọ́, wọn ò sì tíì lè yọ áàpù kúrò. Àwa náà lẹ́bi níbẹ̀. Ọdún méjì ni wọ́n ti ń dá gbé, ẹ̀rọ ló ń kí wọn kú alẹ́, ìjọ ò yà wò wọ́n. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síbẹ̀ nírọ̀lẹ́ Ọjọ́rú àti Ẹtì.

A ti kọ lẹ́tà sí aṣojú wa ní Àbújá, tó ń ṣojú Ifẹ́lódùn àti Odò-Ọ̀tìn. Ó wà lọ́wọ́ akọ̀wé ìjọ. Ẹ wá fọwọ́ sí i lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, ẹ̀yin ará Ìnísà náà, kẹ́ ẹ sì mú àwọn aládùúgbò yín tó jẹ́ Mùsùlùmí dání.