Abéèrè Kì í Ṣìnà: Ọ̀rọ̀ fún Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Dé sí Ṣàgámù

“Íńtàṣéńjì, ó wà o!” Bí èrò kan bá ti ké báyìí, dírẹ́bà á rọra ya sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ẹni tó bọ́ sílẹ̀ lè jẹ́ àgùnbánirọ̀ tó ń lọ sí àgọ́ wọn ní Ṣàgámù, ará Èkó tí owó ilé lé jáde, òṣìṣẹ́ tí iléeṣẹ́ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà, tàbí ọmọ wa tó ti pẹ́ nílùú òtútù tó wá padà sílé. Ibi tó bọ́ sí yìí ni títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1978, ti pàdé èyí tó gba Ìjẹ̀bú-Òde àti Ọrẹ̀ lọ sí Bìní. Oòrùn ń ta, ọkọ̀ ń sáré, agbèrò ń pe Ìkẹ́nnẹ́, Ìlíṣàn, Abẹ́òkúta. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹnu ni yóò fi ríran: kó béèrè.

Kí ojú má tì yín. Ìlú àkójọ ni Ṣàgámù fúnra rẹ̀. Ní 1872 ni ìlú mẹ́tàlá, Mákùn àti Ọ̀fìn lára wọn, kóra jọ sábẹ́ Akárìgbò, ọba Rẹ́mọ. Nígbà tó yá, obì Rẹ́mọ fa àwọn oníṣòwò Hausa wá, wọ́n sì tẹ̀dó sí Sábó. Ìlú tó mọ àlejò ni ẹ wọ̀; ẹ béèrè ohun mẹ́rin yìí.

Ìbéèrè kìíní, ẹsẹ̀ títì ni kí ẹ ti béèrè rẹ̀: “Níbo ni gárèèjì wà?” Ọkọ̀ tó dá dúró lọ́nà, tí èèyàn méjì mẹ́ta ti wà nínú rẹ̀, tó wá ń kán yín lójú pé ẹ wọlé, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ẹ má sì sá la títì márosẹ̀ kọjá. Tírélà tó ń sáré bọ̀ kò lè tètè dúró. Bí táńkà epo bá ṣubú, ẹ jìnnà síbẹ̀, kí ẹ pe àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ní 122. Epo ọ̀fẹ́ ti sọ ọ̀pọ̀ ilé di ilé ọ̀fọ̀.

Ìbéèrè kejì, ọ̀rọ̀ ilé ni: “Bí òjò bá rọ̀, ibo ni omi ń gbà?” Ẹ má bi ájẹ́ńtì o, aládùúgbò ni kí ẹ bi. Yàrá tí ẹ rí nígbà ọyẹ́ lè dára lójú, kó di odò ní oṣù Kẹfà. Kànga tó kún lásìkò òjò náà lè gbẹ ní oṣù Kejì. Ẹ wádìí méjèèjì, ẹ rí onílé lójúkojú, ẹ gba rìsíìtì, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Ìkẹta: “Níbo ni wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò?” Ẹ̀fọn tó ń fa ibà, òru ló ń jẹun jù, ibà rẹ̀ sì sábà máa ń yọjú láàrin ọjọ́ 10 sí 15 lẹ́yìn tó bá jẹni. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ lókè òkun, ẹ má sọ pé, “Ṣebí ibí ni wọ́n bí mi sí?” Ara yín ti gbàgbé ibà; ó lè gbé yín ṣánlẹ̀ ju ẹni tí kò kúrò nílé lọ. Ẹ sùn sínú àwọ̀n ẹ̀fọn olóògùn, ẹ da omi tó dúró sínú agolo àti táyà nù. Bí ara bá gbóná, ẹ má fi àbá ra oògùn lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì. Iléèwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ wà nínú ìlú. Ẹ jẹ́ kí àyẹ̀wò sọ̀rọ̀ kí oògùn tó wọlé.

Ìkẹrin ni ọ̀pọ̀ kì í rántí: “Ìgbà wo ni Orò?” Wọ́n ń ṣe ọdún ìbílẹ̀ Orò ní Rẹ́mọ, obìnrin kì í sì í jáde lásìkò rẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 1999, ìjà tó tìdí ọ̀rọ̀ Orò ṣẹlẹ̀ ní Ṣàgámù láàrin Yorùbá àti Hausa gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ èèyàn, ẹ̀san rẹ̀ sì ta dé Kánò. N kò ní kí ẹ yí ẹ̀sìn yín padà. Ohun tí mo ní kí ẹ ṣe ni pé kí ẹ bi lándílọ́ọ̀dù yín ṣáájú, kí ẹ ra ohun tí ẹ ó jẹ sílé, kí ẹ má ṣètò ìrìn òru sí ọjọ́ náà.

Ẹ̀yin ọmọ ìlú, iṣẹ́ tiyín náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá bi yín léèrè ọ̀nà, ẹ má fi ṣẹ̀sín, ẹ má sì sọ ọ́ di ọjà títà. Ẹ sọ ọjọ́ Orò fún un kó tó pẹ́ jù. Baba ńlá yín náà kó ẹrù wọ ìlú yìí ní ọjọ́ kan.

Ìwọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kọ́ gbólóhùn kan kí o tó kọ́ èyíkéyìí mìíràn: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni.” Kọ́bọ̀ kan kò ní jáde lápò rẹ kí o tó sọ ọ́.