Àṣìpè Kò Sọ Orúkọ Ọlọ́run Di Asán: Lórí Pípe Mantra nínú Orin Ìjọsìn Àwọn Ẹlẹ́sìn Híńdù

Láàrin àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù, àti láàrin àwọn tí wọ́n ń kọ́ ẹ̀sìn náà lẹ́yìn odi Íńdíà, ìgbàgbọ́ kan ti ta gbòǹgbò pé mantra, èyíinì ni gbólóhùn mímọ́ tí a ń pè ní àpètúnpè nínú ìjọsìn, kò ní agbára kankan bí ẹni tí ó ń pè é kò bá gbé ìró èdè Sanskrit kọ̀ọ̀kan jáde bí ó ti yẹ, àti pé àṣìpè tilẹ̀ lè fa ibi wá sórí olùjọsìn. Ìgbàgbọ́ yìí ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu mọ́ níbi tí ó yẹ kí wọ́n ti máa kọrin. Ìwé-pẹlẹbẹ yìí takò ó, kì í ṣe nítorí pé pípè tí ó gún régé kò níyì, bí kò ṣe nítorí pé òfin tí a ṣe fún ẹbọ inú Veda ni a gbé ka orí àwọn olùfọkànsìn, nígbà tí àwọn ìwé mímọ́ ẹ̀sìn náà fúnra wọn kò gbé e kà wọ́n lórí.

Ibi tí òfin náà ti ṣẹ̀ wá kò fara sin. Veda ni àwọn ìwé mímọ́ tí ó pẹ́ jù lọ nínú ẹ̀sìn Híńdù. Ẹnu ni a fi gbé wọn láti ìran dé ìran, ẹ̀kọ́ nípa bí a ṣe ń pè wọ́n, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ shiksha, sì jẹ́ ọ̀kan nínú ẹ̀ka ìmọ̀ mẹ́fà tí ó rọ̀ mọ́ Veda. Ẹ̀kọ́ yìí ya fáwẹ́lì gígùn sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ó kúrú, ó sì pín ohùn sí udatta tí ó ga, anudatta tí ó lọ sílẹ̀, àti svarita tí ó ń ti òkè bọ̀ wálẹ̀. Ẹni tí ó ń sọ Yorùbá kò nílò àlàyé gígùn lórí èyí, nítorí ohùn nìkan ni ó ya ọkọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ̀. Kí ọ̀rọ̀ kankan má bàa sọnù, àwọn àlùfáà dá ọ̀nà ìkésókè tí ó le sílẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń pè ní ghana, nínú èyí tí wọ́n á pe ọ̀rọ̀ kìíní àti èkejì, wọ́n á yí wọn padà, wọ́n á tún fi ẹ̀kẹta kún wọn, wọ́n á ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti ẹ̀yìn wá síwájú, wọ́n á sì tún kà wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò ṣe títí ẹsẹ náà yóò fi parí. Àjọ UNESCO kéde àṣà yìí ní ọdún 2003 gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn ogún ńlá tí aráyé ní, kò sì sí ẹni tí ó mọ iyì ìmọ̀ tí yóò jiyàn sí i.

Ìtàn kan ṣoṣo ni àwọn tí wọ́n ń dẹ́rù ba olùjọsìn sábà máa ń gbára lé. Nínú àwọn ìwé Veda, Tvashtri, ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́run, bínú sí Indra, ọba àwọn ọlọ́run, nítorí pé ó pa Vishvarupa ọmọ rẹ̀. Ó wá rú ẹbọ kí a lè bí ẹni tí yóò pa Indra. Ọ̀rọ̀ tí ó lò ni indrashatru. Bí ohùn bá ga lórí sílébù ìkẹyìn, ẹni tí yóò pa Indra ni ọ̀rọ̀ náà ń sọ. Bí ó bá ga lórí ti àkọ́kọ́, ẹni tí Indra yóò pa ni. Tvashtri gbé ohùn òkè sórí ti àkọ́kọ́, a bí Vritra, Indra sì pa á. Patanjali, ọ̀mọ̀wé gírámà tí a gbà pé ó gbé ayé ní nǹkan bí ọ̀rúndún kejì ṣáájú ìbí Kristi, fi ìtàn náà ṣe ìdí kan tí ó fi yẹ kí ènìyàn kọ́ gírámà.

Bí a bá fi ara balẹ̀ wo ìtàn yìí, a ó rí i pé kò kan ẹni tí ó ń kọrin ìyìn rárá. Ẹbọ láti pa Indra ni Tvashtri ń rú. Kò pe orúkọ Ọlọ́run láti bẹ̀ ẹ́ tàbí láti fi ìfẹ́ hàn sí i. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ ni àṣìṣe rẹ̀ dá lé, ohùn wọ̀nyí sì ti pòórá kúrò nínú Sanskrit tí a ń sọ lẹ́nu tipẹ́tipẹ́, débi pé púpọ̀ jù lọ nínú àwọn orin ìyìn tí àwọn olùfọkànsìn ń kọ lónìí ni a ṣẹ̀dá láìní wọn. Ẹni tí ó bá ń fi ìtàn Tvashtri halẹ̀ mọ́ ọmọ ìjọ tí ó ń kọ Rama, orúkọ Ọlọ́run, lórin ń fi òfin ohùn lélẹ̀ lórí orin tí kò ní irú ohùn bẹ́ẹ̀.

Kódà nínú Veda fúnra rẹ̀, ìpè kan ṣoṣo tí gbogbo ènìyàn fẹnu kò lé lórí kò sí. Àwọn ọmọlẹ́yìn ẹ̀ka Madhyandina ti Yajurveda máa ń pe ìró sh kan bíi kh, débi pé purusha di purukha lẹ́nu wọn, òfin ẹ̀ka wọn ni ó sì sọ pé kí wọ́n pè é bẹ́ẹ̀. Ní Kerala ní gúúsù Íńdíà, t tí ó parí ọ̀rọ̀ a máa dún bíi l. Mantra Gayatri, tí àìmọye ènìyàn ń pè ní òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, wà lórí ìlànà ewì tí ó béèrè sílébù 24, síbẹ̀ 23 ni a ń gbọ́ bí a ti ń pè é lónìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà varenyam ti pàdánù sílébù kan. Bí àyípadà ìró bá ń sọ mantra di òfo, a jẹ́ pé èyí tí ó lókìkí jù lọ nínú wọn ti di òfo láti ayébáyé, kò sì sí olùkọ́ kan tí yóò gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rí mìíràn wà tí ó tilẹ̀ lágbára ju èyí lọ. Oríṣi japa mẹ́ta ni ó wà, japa sì ni pípe mantra ní àpètúnpè: èyí tí a ké sókè, èyí tí a sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, àti èyí tí a pè nínú ọkàn nìkan. Ìwé òfin Manu gbé ti inú ọkàn ga ju méjì yòókù lọ. Báwo ni agbára mantra yóò ṣe wà nínú ìró ètè nìkan, tí èyí tí kò ní ìró rárá yóò sì gba ipò kìíní?

Ẹ̀ka kan wà tí ó yẹ kí a yọ sọ́tọ̀. Nínú Tantra, àwọn mantra onísílébù kan bíi hrim àti klim a máa wá láti ẹnu guru, èyíinì ni olùkọ́ ẹ̀mí, nígbà ìgbaniwọlé, ọmọlẹ́yìn a sì máa pè é bí a ti fi lé e lọ́wọ́. Májẹ̀mú láàrin olùkọ́ àti ọmọlẹ́yìn ni èyí. Kò di òfin fún èrò tí ó péjọ láti kọrin.

Ọ̀rọ̀ àwọn ìwé bhakti, ìyẹn ìfọkànsìn sí Ọlọ́run tí a fẹ́ràn, ṣe kedere lórí ọ̀ràn náà. Bhagavata Purana sọ nípa Ajamila, ẹlẹ́ṣẹ̀ tí ó pe ọmọ rẹ̀ Narayana lórí àkéte ikú, tí orúkọ náà sì gbà á là nítorí pé orúkọ Ọlọ́run ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ni ó ní lọ́kàn. Nínú Kali-Santarana Upanishad, ọlọ́gbọ́n Narada béèrè òfin tí ó de pípe àwọn orúkọ mẹ́rìndínlógún ti Hare, Rama àti Krishna, èsì tí ó sì gbà ni pé òfin kankan kò dè é. Ní Bengal ní ìlà-oòrùn Íńdíà, níbi tí olùkọ́ bhakti Chaitanya (1486–1534) ti sọ orin àkọpọ̀ di ọkàn ìjọsìn, orúkọ Ọlọ́run, Vishnu, a máa di Bishnu, Krishna a sì máa di Krishno. Ẹnu tí ó ń pè é bẹ́ẹ̀ ni ó gbé orin náà káàkiri Íńdíà. Ìwé ìtàn ayé rẹ̀, Chaitanya Charitamrita, sọ pé nígbà tí ó dé Srirangam ní gúúsù, ó bá àlùfáà kan tí ń ṣi Bhagavad Gita kà tí àwọn ènìyàn sì ń fi í rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n omijé ń dà lójú rẹ̀ bí ó ti ń rí Krishna nínú ọkàn rẹ̀. Chaitanya sọ fún un pé òun gan-an ni ó ní ẹ̀tọ́ láti ka ìwé náà.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ yìí ni ó mú kí ọ̀ràn náà le. Àwọn ìwé òfin àtijọ́ ti ìlẹ̀kùn Veda mọ́ àwọn obìnrin àti àwọn Shudra, ìsọ̀rí àwọn òṣìṣẹ́ tí a kà sí ẹni ìsàlẹ̀ nípa ìbí. Orin ìfọkànsìn ni ó ṣílẹ̀kùn fún wọn: Ravidas oníṣẹ́ awọ kọrin, Kabir ahunṣọ kọrin, Mirabai obìnrin kọrin, Chokhamela tí a kò jẹ́ kí ó wọ inú tẹ́ńpìlì Pandharpur kọrin láti ìta, èdè ìlú wọn ni wọ́n sì fi kọ ọ́. Àwọn alágbàṣe tí ọkọ̀ ojú omi kó láti Íńdíà lọ sí Guyana láti ọdún 1838 àti sí Trinidad láti ọdún 1845, tí púpọ̀ nínú wọn ń sọ èdè Bhojpuri, kó orúkọ Rama lọ pẹ̀lú ìró ẹnu abúlé wọn, àwọn ọmọ wọn tí èdè náà ti bọ́ lẹ́nu wọn sì ń kọ ọ́ títí di òní. Nígbà tí a bá wá sọ fún irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ pé ahọ́n wọn kò mọ́ tó, ìlẹ̀kùn tí àwọn baba ńlá wọn wọlé gbà ni a tún ń tì.

Nítorí náà, kí àwọn olùkọ́ máa kọ́ni ní ìpè tí ó gún régé pẹ̀lú sùúrù: kí wọ́n fi ìyàtọ̀ hàn láàrin a kúkúrú àti a gígùn, láàrin k àti kh tí èémí ń tẹ̀ lé, kí wọ́n pe ìlà kan jẹ́jẹ́ kí ìjọ sì gbè é, kí wọ́n sì fi àtúnṣe dúró di ìgbà tí orin bá parí. Ẹni tí ó bá sì ṣì í pè lẹ́yìn gbogbo èyí, kí wọ́n jẹ́ kí ó máa kọ ọ́ lọ.