Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Nínú àwọn ìwé agbára tí wọ́n ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbẹ́là àti tùràrí ní ilẹ̀ wa, ọ̀kan wà tí òkìkí rẹ̀ kàn púpọ̀: Ìwé Kẹfà àti Keje ti Mósè. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé Mósè ló kọ ọ́ ní tòótọ́. Mósè kọ́. Ìlú Stuttgart ní Jámánì ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dún 1849. Ilé iṣẹ́ de Laurence ní Chicago ló wá ń tẹ̀ ẹ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tó sì ń fi ránṣẹ́ wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láyé àwọn Òyìnbó amúnisìn. Wọ́n fi iṣẹ́ Godfrey Selig kún un, ìwé ọdún 1788 lórí lílo Sáàmù, tó wá láti inú Kàbálà, ìmọ̀ awo àwọn Júù.

Ẹ jẹ́ ká ṣí i wò. Ó ní kí aboyún tó ń bẹ̀rù pé oyún lè bàjẹ́ kọ ẹsẹ mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú Sáàmù kìn-ín-ní sára awọ àgbọ̀nrín, pẹ̀lú orúkọ mímọ́ kan, kó fi í sínú àpò kékeré, kó so ó kọ́rùn kí àpò náà lè máa kan ara rẹ̀. Ará Ìlobùú tàbí Ifọ́n-Ọ̀ṣun wo ni yóò rí èyí tí kò ní pè é ní tírà? Ìdí nìyí tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ fi tètè rílé gbé lọ́dọ̀ wa.

N kò ní ká má ka ìwé àjèjì. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ẹjọ́ tí mo ní ni pé orúkọ àti ẹsẹ nìkan ni ìwé wọ̀nyí ń tà. Ẹ̀kọ́ tó bí wọn kò sí níbẹ̀. Àwọn tó ni Kàbálà gan-an kò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Lọ́dún 1756, nígbà tí àwọn ọmọlẹ́yìn Jacob Frank, aṣáájú ẹ̀ya kan láàárín àwọn Júù, ń da ìlú rú, àwọn rábì pàṣẹ ní ìlú Brody pé ẹni tí kò bá tó ọmọ 30 ọdún kò gbọdọ̀ ka Zohar, ìwé pàtàkì Kàbálà, ẹni tí kò bá sì tó 40 kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀kọ́ Isaac Luria, olùkọ́ Kàbálà. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà.

Ẹnìkan lè sọ pé ẹ̀tàn àgbà nìyẹn, pé ṣe ni wọ́n fẹ́ fi ìmọ̀ pamọ́ fún ara wọn. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Rábì Yehuda Ashlag, tó kú lọ́dún 1954, gbà pé ó tó àsìkò kí gbogbo ènìyàn ka Zohar. Àmọ́ ṣe ló jókòó tì í: ó túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Hébérù, ó sì ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Olùkọ́ wà nínú ìwé tirẹ̀. Ìwé agbára tó ní kí n pe orúkọ kan lóru kí n di olówó, ta ni olùkọ́ mi níbẹ̀?

Nílé wa náà, ìwà ló ṣáájú agbára: Ifọ́n ni ìlú Òrìṣà Olúfọ́n. Aláàlà tó ń sìn ín kì í mu ẹmu. Èèwọ̀ ló fi ń bẹ̀rẹ̀, kó tó kan pé ó ń tọrọ ohunkóhun. Ìlobùú ló ni òrìṣà Erinlẹ̀, òun náà sì ní èèwọ̀ tirẹ̀. Mùsùlùmí mọ ààwẹ̀, Kristẹni náà mọ̀ ọ́n. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀sìn wọ̀nyí tó ń fi agbára lé ènìyàn lọ́wọ́ kó tó wo ìwà rẹ̀.

Ìlobùú àti Ifọ́n fara kan ara wọn pẹ́kípẹ́kí. Lọ́dún 2025, ìjà ilẹ̀ sọ wọ́n di ọ̀tá, ẹ̀mí ṣòfò, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sì kéde kónílé-ó-gbélé. Ẹni tó bá ń polówó ìwé ìdàgbàsókè ẹ̀mí fún wa, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Bí ìwé rẹ̀ kò bá lè kọ́ mi bí mo ṣe máa bá aládùúgbò mi jókòó sọ̀rọ̀ ààlà oko, kí ló fẹ́ fi orúkọ áńgẹ́lì ṣe fún mi?

Mo bẹ ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìlú méjèèjì: kí ẹ tó sanwó ìwé, ẹ béèrè ẹni tó kọ́ òǹkọ̀wé náà lẹ́kọ̀ọ́. Ìyá tó bá sì ti so Sáàmù kìn-ín-ní kọ́rùn, kó jọ̀wọ́ má tìtorí rẹ̀ pa ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì dá fún un jẹ.