Kí Wọ́n Má Ta Díìṣì Lánlátẹ̀ fún Oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù

Gbogbo ẹni tó ní díìṣì lórí òrùlé ní Òjó, Ìbà tàbí Okokomaiko ló ní ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ohùn oòrùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tìtorí bọ́ọ̀lù ló ṣe rà á. Àwa tí à ń so díìṣì ní ọjà Alàbá mọ̀ ọ́n. Lóṣù kẹta àti oṣù kẹsàn-án ọdọọdún, oòrùn a máa gba ẹ̀yìn sátẹ́láìtì kọjá láàárọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, àwòrán a sì dàrú fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Fóònù mi kì í sinmi nígbà náà.

"Bọ̀ọ̀dá oní-díìṣì, iṣẹ́ yín ti bàjẹ́ o!"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án. Oòrùn ni, yóò kọjá."

Àwọn mìíràn rò pé ọ̀lẹ ló ń ṣe mí. Bẹ́ẹ̀, oòrùn ń fọ́n ìgbì rédíò jáde bó ṣe ń fọ́n ìmọ́lẹ̀, ariwo rẹ̀ a sì bo ti sátẹ́láìtì mọ́lẹ̀. Ohun tí awò rédíò àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ń gbọ́ náà nìyẹn. Ará ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí irú ariwo bẹ́ẹ̀ láti ojú ọ̀run: Karl Jansky ti ilé-iṣẹ́ Bell l'Amẹ́ríkà ń wá ohun tó ń da ìpè rú, ó sì kéde ní 1933 pé láti àárín ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ wa ni ariwo kan ti ń wá.

Àwọn ará Ghana lo irú ọgbọ́n yìí. Díìṣì kan wà ní Kuntunse nítòsí Accra, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 32, ìpè òkè òkun ni wọ́n fi ń gbà. Nígbà tí wáyà abẹ́ òkun dé, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn ò tà á fún oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù. Àwọn àti South Africa sọ ọ́ di awò ìràwọ̀, wọ́n sì ṣí i lóṣù kẹjọ 2017.

Láti sọ díìṣì di awò ìràwọ̀, ibi tí iṣẹ́ wà ni sọ́fítíwia. Díìṣì ilé, tí mo bá ti fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ pa, ó parí, torí sátẹ́láìtì yẹn kì í kúrò lójú kan. Ìràwọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, ayé tí a wà lórí rẹ̀ ń yí. Kọ̀ǹpútà ló gbọ́dọ̀ máa ṣírò ibi tí ìràwọ̀ dé, kó máa pàṣẹ fún mọ́tò, kó tún ṣa síńgínà tín-ń-tín kúrò nínú ariwo fóònù àti jẹnẹrétọ̀. GNU Radio, ọ̀kan nínú irú sọ́fítíwia tó ń ṣa síńgínà bẹ́ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun èèlò náà ò sì ní láti wọ́n: ìwo onípákó ni Ewen àti Purcell fi gbọ́ háídrójìn ojú ọ̀run lórí 1420 megahertz ní Harvard lọ́dún 1951. Káfíńtà Okokomaiko wo ni kò lè kan ìyẹn?

LASU, yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkó, ti wà l'Òjó yìí láti 1983. Ọmọ físíìsì àti ọmọ kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀, ọjà Alàbá ò sì jìnnà sí wọn. Kí wọ́n fi ìwo pákó bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Lánlátẹ̀ ní Ìbàràpá ni mo ní lọ́kàn jù. Àwọn àgbà rántí: díìṣì ńlá ibẹ̀ ni ìpè London ń gbà wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, kí NITEL, iléeṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba, tó dojú bolẹ̀. Kí a sọ òun náà di awò ìràwọ̀. Àwọn kan á ní ebi ń pa ará ìlú, kí ni ti ìràwọ̀. Ọmọ tó bá mọ bí a ti ń darí díìṣì bẹ́ẹ̀ kò ní wáṣẹ́ tì nídìí rédà, sátẹ́láìtì tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù. Ebi náà ni mò ń sọ.

Mo bẹ NASRDA, iléeṣẹ́ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òfurufú fún ìjọba àpapọ̀: ẹ rán àwọn ẹnjiníà lọ sí Lánlátẹ̀ lọ́dún yìí, kí ẹ sì gbé ohun tí wọ́n bá bá níbẹ̀ jáde sínú ìwé ìròyìn. Tí ẹ bá nílò àwọn tí yóò gun orí díìṣì náà, ẹ wá sí Alàbá.