Ẹ Yé Fi Ṣokolá Kẹ́ Ajá, Májèlé Ni

Ẹ̀yin ará wa ní Kétu, ní Ṣábẹ̀, ní Àjàṣẹ́, títí dé Atakpamé, ọ̀rọ̀ ajá la gbé wá lónìí, a ò sì ní fi bò rárá. Ẹ yé fún ajá ní ṣokolá jẹ. Ẹ pè é ní ṣokolá bíi tiwa ni o, ẹ pè é ní ṣokoléètì bíi ti àwọn ará wa ní Nàìjíríà ni o, májèlé ni fún ajá.

Bí a bá ti sọ báyìí, a ti mọ èsì tó ń bọ̀. "Ajá òyìnbó nìyẹn. Ajá tiwa ń jẹ egungun, ó ń jẹ ìgbẹ́ ọmọdé, kí ni ṣokolá fẹ́ fi í ṣe?" Àwọn mìíràn á ní àwọn ò tíì rí ṣokolá ra fún ọmọ, ẹ wá ń sọ ti ajá. A ó dé orí ìyẹn.

Nínú wóró kòkó, ohun kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní theobromine. Láti ọdún 1841 ni wọ́n ti rí i nínú kòkó, kì í ṣe ohun tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ hùmọ̀ lórí fóònù. Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ obì, ẹ mọ bí obì ṣe ń lé oorun lọ. Kaféìnì inú rẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ ìyá kaféìnì sì ni theobromine. Àwọn méjèèjì ló wà nínú ṣokolá. Ara èèyàn máa ń tètè lò ó tán. Ara ajá ò lè ṣe bẹ́ẹ̀: ó ń tó nǹkan bíi wákàtí 17 kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò lára ajá. Ajá Paris, ajá ọdẹ Ṣábẹ̀, ajá tó ń sùn lábẹ́ tábìlì oníreṣì, irú ẹ̀dọ̀ kan náà ni Ọlọ́run dá mọ́ wọn. Pé ajá lè fọ́ egungun wómúwómú, iṣẹ́ eyín nìyẹn. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ò mọ̀ sí i.

Ẹni tó bá ní ajá tòun jẹ ẹ́, kò sì kú, a gbà fún un. Ìwọ̀n ohun tó jẹ àti ìwọ̀n ara rẹ̀ ló fa ìyẹn. Ẹ mú ajá tó wọn kílò 10, irú èyí tó pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa. Bó bá jẹ ṣokolá oníwàrà tó tó gíráàmù 100, ó ti dé ibi tí èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ti ń bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ ṣokolá dúdú ló jẹ tó bẹ́ẹ̀, ọkàn rẹ̀ lè máa lù kìkìkì títí tí kò fi ní lù déédéé mọ́. Kòkó lílọ̀ gidi, èyí inú agolo tí wọn ò lú mọ́ ṣúgà, ló burú jù, nítorí gíráàmù 20 péré, bíi ṣíbí ńlá mẹ́ta, lè ṣe iṣẹ́ tí odindi ṣokolá dúdú yẹn ṣe. Ọmọ ajá tó wọn kílò 3 ńkọ́? Ṣokolá oníwàrà gíráàmù 100 yẹn ti tó kó gìrì bá a. Ṣokolá funfun fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní theobromine nínú, bóyá òun gan-an ni ajá yín jẹ tí ẹ fi ń yangàn. Èyí tí wọ́n sì kọ sí lára pé kò ní ṣúgà, ẹ ṣọ́ra fún un, ó lè ní xylitol, tó máa ń já ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ajá wálẹ̀ lójijì.

Báwo ló ṣe ń dé ẹnu ajá lọ́dọ̀ wa? Àwa kọ́ ni à ń ra ṣokolá lójoojúmọ́. Inú àpò àwọn ará wa tó ń ti Faransé bọ̀ ló ti ń jáde, nígbà Nọ́ẹ̀lì àti nígbà Àjíǹde. Ooru ilé wa á yọ́ ọ, a ó gbé e sínú fìríìjì, á gan padà, ara rẹ̀ á funfun. Ìyá ilé á wò ó, á ní ó ti hu, ẹ jù ú sí ajá. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rá inú rẹ̀ ló kàn jáde sí ìta, kò bàjẹ́ rárá, ọmọ ì bá jẹ ẹ́. A gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ, a fi pa ajá! Lọ́dọ̀ àwọn tó ń yan kòkó, èèpo wóró tí wọ́n ń gbá sí ẹ̀yìnkùlé náà ní in nínú. Àwọn tó tún wá ń gbé fóònù sókè láti ya ajá tó ń lá ṣokolá, kí àwọn èèyàn lè rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin gan-an là ń bá wí. Ẹ kì í dúró ya apá kejì rẹ̀.

Apá kejì náà kì í yá. Wákàtí 6 sí 12 ló sábà máa ń tó kí àmì tó yọ. Ohun tí ọmọ fún ajá ní ìrọ̀lẹ́, òru ló ń dé. Ajá á bì, á máa mu omi bí ẹni tó ti oko bọ̀, kò ní lè dùbúlẹ̀, á máa mí hẹlẹhẹlẹ, á máa gbọ̀n, gìrì á mú un. Ilẹ̀ á mọ́, ẹnikẹ́ni ò ní rántí ṣokolá. Ohun tí wọ́n á sọ ni pé, "Ta ló fún ajá mi ní májèlé jẹ?" Aládùúgbò tó sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá pé gbígbó ajá náà ò jẹ́ kóun sùn, òun ni wọ́n á kọ́kọ́ wò. A mọ agboolé tí àwọn èèyàn ò ti kí ara wọn mọ́ nítorí irú ẹ̀sùn yìí. Ẹ tó fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni, ṣé ẹ ti bi ọmọ yín ohun tó fún ajá jẹ?

Tàbí kí ẹnì kan pariwo pé ó ti di ajá dìgbòlugi, kí àwọn ọ̀dọ́ gbé igi jáde. A ò fi dìgbòlugi ṣeré o. Ó wà ní ilẹ̀ wa, ó ń pa èèyàn. Ẹni tí ajá bá bù jẹ, kó fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kó sì lọ gba abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Ṣùgbọ́n igi kọ́ ni àyẹ̀wò. Ẹ jìnnà sí ẹnu rẹ̀, ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ẹ pe dókítà ẹran.

Ẹ sì fi epo pupa sílẹ̀. Epo ò lè pa theobromine. Èyí tí ẹ dà sí ọ̀fun ajá tó ń gbọ̀n lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lọ. Mílíìkì ò wò ó, omi iyọ̀ fúnra rẹ̀ lè pa á. Èédú ìdáná kì í ṣe èédú tí àwọn dókítà ń lò. Kò sí oògùn kan tó ń pa oró yìí tààrà. Bí dókítà ẹran bá tètè rí i, bíi láàárín wákàtí méjì, ó lè mú kó bì í, ó lè fún un ní èédú tiwọn, ó sì lè tọ́jú ọkàn rẹ̀ àti gìrì náà. Ẹ má dúró de àmì kí ẹ tó pè é. Ẹ mú bébà ṣokolá náà dání, ẹ sọ ìgbà tó jẹ ẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ ò tíì rí ti ọmọ rà, ọ̀rọ̀ wa kan náà ni: ọmọ ni kẹ́ ẹ fún. Ajá ò bẹ̀ wá ní ṣokolá. Ọdẹ tó bá mọ iye òru tí ajá òun ti ṣáájú òun wọ igbó, ẹ bi í bóyá ó lè fi ajá náà ṣe àwàdà.

Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n tó ń di ẹrù sílé fún Nọ́ẹ̀lì. Kó kó ṣokolá wá, àwọn ọmọ ti ń retí rẹ̀. Ti ajá, orí ẹja tó wà lọ́jà ti tó o.