Inú Láàbù Ni Wọ́n Ti Ń Kọ Àròkọ Yẹn

Bí oṣù Kẹfà bá ti ń parí lọ ní Amẹ́ríkà, ara kì í rọ ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá tó ń gbé ní Maryland, Houston àti Chicago. Ọmọ tó fẹ́ di dókítà ti fi fọ́ọ̀mù ńlá ránṣẹ́, èsì MCAT, ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ ilé-ìwé ìṣègùn, ti jáde, bàbá àti ìyá ti rò pé àdúrà ló kù. Ìgbà yẹn gan-an ni yunifásítì kọ̀ọ̀kan máa ń da ìbéèrè tirẹ̀ sílẹ̀: kọ àròkọ kan lórí èyí, kọ òmíràn lórí tọ̀hún, kí o sì tètè dá a padà. Ti ọmọ tó fẹ́ gba oyè dókítà àti oyè ọ̀mọ̀wé pa pọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní MD-PhD, tún wá le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inú ìdààmú yìí ni àwọn òbí kan ti máa ń wá ẹni tí wọn yóò sanwó fún kó bá ọmọ wọn kọ ọ́. Owó ọ̀hún á gbé, àǹfààní ọmọ sì lè bá a lọ.

Ètò MD-PhD yìí kì í ṣe ti àná. Case Western Reserve ní Cleveland ló kọ́kọ́ dá irú rẹ̀ sílẹ̀ ní 1956. Nígbà tó di 1964, NIH, àjọ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìwádìí ìlera, bẹ̀rẹ̀ sí í fowó ti irú ètò bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ní ilé-ìwé mẹ́ta: Albert Einstein, New York University àti Northwestern. Lónìí, ilé-ìwé tó ń gba owó yẹn ti lé ní 50. Ọmọ tó bá wọlé yóò lo nǹkan bí ọdún mẹ́jọ: bíi ọdún méjì nínú kíláàsì ìṣègùn, mẹ́ta sí márùn-ún nínú láàbù títí yóò fi gba oyè ọ̀mọ̀wé, kó tó padà sọ́dọ̀ aláìsàn nílé ìwòsàn láti parí. Ní ibi púpọ̀, kò ní san owó ilé-ìwé, wọ́n á sì tún máa fún un lówó tí yóò fi jẹun, tí yóò fi sanwó ilé. Ẹni tó mọ gbèsè tí àwọn dókítà Amẹ́ríkà máa ń gbé jáde nílé-ìwé á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn. Bí 1,800 èèyàn ló ń bèrè lọ́dọọdún. Nǹkan bí 700 ló ń wọlé.

Inú irú ẹ̀kọ́ yìí ni Drew Weissman ti jáde. Ó gba oyè méjèèjì ní Boston University ní 1987. Ní 2023, òun àti Katalin Karikó gba ẹ̀bùn Nobel fún iṣẹ́ tó jẹ́ kí abẹ́rẹ́ àjẹsára mRNA tó ń dènà kòrónà ṣeé ṣe.

Kí ni wọ́n wá ń béèrè tó ń kó ìdílé láyà sókè tó bẹ́ẹ̀? Àròkọ mẹ́ta ni fọ́ọ̀mù AMCAS, tí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ìṣègùn jùmọ̀ ń lò, gbé ka iwájú ọmọ tó fẹ́ MD-PhD. Àkọ́kọ́, tí gbogbo ẹni tó fẹ́ ṣe dókítà ń kọ, kò gbọdọ̀ ju lẹ́tà 5,300 lọ, wọ́n sì ka àlàfo mọ́ ọn. Èkejì ń béèrè ìdí tó fi fẹ́ oyè méjèèjì, lẹ́tà 3,000 péré. Ẹ̀kẹta ni baba wọn: lẹ́tà 10,000 lórí ìwádìí tó ti ṣe. Wọ́n fẹ́ mọ ọ̀gá tó ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, iye àkókò tó lò níbẹ̀, ìṣòro tí wọ́n ń wádìí, àti ohun tí ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ṣe nínú iṣẹ́ náà.

Ohun tí ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ṣe. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń fò kọjá.

Ìmọ̀ràn tí ọmọ sábà máa ń gbà nílé ni pé kó sọ ìtàn tó máa mú àánú ṣe ẹni tó ń kà á: ẹ̀gbọ́n tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, ìyá àgbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru pa láìrí dókítà, bàbá tó ń wa takisí lóru kí ọmọ lè kàwé. Òótọ́ ni púpọ̀ nínú wọn, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré wọn. Ìtàn bẹ́ẹ̀ ní àyè tirẹ̀ nínú àròkọ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ tọ́jú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè ṣe dókítà nìkan, kó sì tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Kí ló dé tó tún fẹ́ fi ọdún bíi mẹ́rin jókòó sínú láàbù? Ìtàn ẹ̀gbọ́n kò dáhùn ìyẹn, àfi tí ọmọ náà bá lè sọ ohun tí ìmọ̀ ìṣègùn kò tíì mọ̀ nípa àìsàn ọ̀hún, tí òun fẹ́ wá ìdí rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2023, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìwòsàn méjì tó ń fi jíìnì tọ́jú fòníkú-fọ̀ladìde. Ọ̀kan nínú wọn, Casgevy, máa ń tún jíìnì sẹ́ẹ̀lì aláìsàn ṣe kí ara rẹ̀ lè padà máa ṣe irú ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ inú oyún ń lò. Owó rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù méjì dọ́là fún ẹnì kan, aláìsàn sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba oògùn líle tó ń pa mùdùnmúdùn egungun run. Ṣé a lè ṣe é láìlo oògùn yẹn? Báwo ni yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ aláìsàn ní Ìbàdàn? Ọmọ tó bá ti bá irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ sùn, tó bá a jí, ti ní ohun tí yóò kọ sínú àròkọ kejì.

Ilẹ̀ Yorùbá náà ti ní irú oníṣègùn tí wọ́n ń wá yìí. Ní ọdún 1960 sókè, ní ilé ìwòsàn UCH, Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun ń rí àwọn aláìsàn tí ẹsẹ̀ ń ta bí iná, tí wọn kò lè rìn gún, tí ojú àti etí wọn ń kú lọ díẹ̀díẹ̀. Kò fi mọ sórí fífún wọn ní oògùn. Òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tọ àwọn ará abúlé lọ, wọ́n wo ohun tí wọ́n ń jẹ, wọ́n sì wọn ohun tí májèlé inú ẹ̀gẹ́ máa ń fi sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Ó gbé àbọ̀ iṣẹ́ náà jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Brain ní 1968. Àwọn olùwádìí ṣì ń jiyàn lórí bóyá ẹ̀gẹ́ nìkan ló fa àìsàn ọ̀hún, bó sì ṣe yẹ kí ìwádìí rí nìyẹn. Lẹ́yìn náà, òun àti olùwádìí kan tó ń jẹ́ Hugh Hendrie dá iṣẹ́ kan sílẹ̀ tó fi àwọn àgbàlagbà Ìbàdàn wé àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis, láti mọ ibi tí àrùn ìgbàgbé ti ń mú àgbà jù. Ọ̀ṣuntókun kú ní 1995. Ní 2001, èsì fi hàn pé ti Ìbàdàn kéré sí ti Indianapolis. Ohun tó ń dà á láàmú níbi ibùsùn aláìsàn ló gbé lọ sí láàbù àti sí abúlé. Bí ọmọ kan bá ń wá àwòkọ́ṣe oníṣègùn tó tún jẹ́ olùwádìí, kò yẹ kó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá a lókè òkun.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ń rí lórí ìwé. Ká ní ọmọ kan ṣiṣẹ́ ní láàbù tó ń wádìí jíìnì APOL1. Jíìnì yìí kan Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Ní 2010, àwọn olùwádìí rí i pé oríṣi rẹ̀ méjì tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ṣẹ̀ wá láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lè gba ara lọ́wọ́ kòkòrò tó ń fa àrùn sùnrunsùnrun, ṣùgbọ́n ẹni tó bá jogún wọn láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá wà nínú ewu àìsàn kíndìnrín. Ẹ̀jẹ̀ àwọn Yorùbá Ìbàdàn, tí gbogbo láàbù jíìnì lágbàáyé mọ̀ sí YRI, wà lára ohun tí wọ́n fi mọ èyí.

Nígbà tó bá kọ́kọ́ kọ ọ́, ọmọ náà lè sọ pé òun láǹfààní láti kópa nínú ìwádìí pàtàkì lórí kíndìnrín, àti pé òun kọ́ sùúrù àti ìfọwọ́sowọ́pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tí kò wọ láàbù rí lè kọ ìyẹn. Kó wá padà sídìí ìwé àkọsílẹ̀ tó ń lò ní láàbù. Níbẹ̀ ni yóò ti rí i pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni sẹ́ẹ̀lì fi ń kú mọ́ òun lọ́wọ́, tí òun sì rò pé jíìnì náà ló ń pa wọ́n. Ó wá kíyè sí i pé àwo kejì, tí kò ní jíìnì yẹn nínú, tó yẹ kó wà láàyè, ń kú bákan náà. Oògùn tí wọ́n fi ń tan jíìnì ló pọ̀ jù. Ó dín in kù sí ìdajì, ìyàtọ̀ gidi sì hàn láàárín àwo méjèèjì. Gbólóhùn bíi mẹ́rin, márùn-ún nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kà á ti mọ̀ pé ọmọ yìí mọ ìdí tí a fi ń ní àwo tí a ó fi ṣe ìfiwéra, pé ó lè gbà pé ohun tí òun kọ́kọ́ rò kọ́ ló rí bẹ́ẹ̀, àti pé òun gan-an ló dúró ti iṣẹ́ náà.

Ta ni ìdílé fẹ́ sanwó fún tó mọ̀ pé oògùn ló pọ̀ jù?

AMCAS gbà kí ọmọ fi iṣẹ́ rẹ̀ han olùkọ́ tàbí ọ̀rẹ́, kódà kó lo ẹ̀rọ AI láti ro èrò pọ̀ tàbí láti ṣàtúnṣe, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé ohun tó fi ránṣẹ́ jẹ́ iṣẹ́ òun àti ìrírí òun ní tòótọ́. Bí ó bá tilẹ̀ fi iṣẹ́ ẹlòmíràn yọ níbẹ̀, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ń bọ̀. Àwọn olùwádìí tó ti ka àròkọ náà ni yóò jókòó tì í, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn. Wọ́n á bi í pé kí ló dé tó fi dín oògùn kù sí ìdajì, kì í ṣe sí ìdá kan nínú mẹ́ta. Wọn kò retí kó mọ gbogbo rẹ̀. Ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ ni bó ṣe ń ronú.

Ti àwọn àròkọ àfikún tí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ń béèrè rọrùn díẹ̀ fún ẹni tó ti ṣe èyí tó le. Èyí tó máa ń gbé ọmọ ṣubú jù ni ìbéèrè tó ní kó sọ ìdí tó fi yan ilé-ìwé yẹn. Ìyìn kò wúlò níbẹ̀. Kó ka iṣẹ́ tí ọ̀jọ̀gbọ́n méjì tàbí mẹ́ta níbẹ̀ gbé jáde, kó sọ bí ìbéèrè wọn ṣe kan tirẹ̀, kó sì wò ó lẹ́ẹ̀mejì kó má lọ fi orúkọ ilé-ìwé kan sínú ìwé òmíràn.

Àṣìṣe tó burú jù lọ ni kí ìdílé rò pé ọdún tí wọ́n ń kọ fọ́ọ̀mù ni iṣẹ́ àròkọ bẹ̀rẹ̀. Ní UMBC, yunifásítì kan lẹ́bàá Baltimore, ètò Meyerhoff ti ń tọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì láti 1988, wọ́n sì máa ń tètè fi wọ́n sínú láàbù. Kò sí ilé-ìwé mìíràn ní Amẹ́ríkà tó ń mú ọmọ aláwọ̀ dúdú tó pọ̀ tó ti ibẹ̀ jáde lọ gba MD-PhD. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ òbí ṣì ń bínú tí ọmọ bá ní òun fẹ́ fi ìsinmi ṣiṣẹ́ láàbù: kí ló ń wá nídìí eku, ṣé dókítà kọ́ ló ní òun fẹ́ ṣe? Ìsinmi yẹn ni lẹ́tà 10,000 ọjọ́ iwájú.

Fún àwọn tó wà nílé ní Nàìjíríà, òótọ́ kan wà tó yẹ kí wọ́n tètè gbọ́. Owó NIH wà fún ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà àti ẹni tó ní ìwé ìgbélùú títí láé nìkan. Àwọn ilé-ìwé kan ń fi owó tiwọn gba ọmọ ilẹ̀ òkèèrè, wọn kò pọ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní Ìbàdàn tàbí Ifẹ̀ béèrè èyí lọ́wọ́ ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan kó tó san kọ́bọ̀.

Àwọn Yorùbá tó jẹ́ oníṣègùn, tí wọ́n tún jẹ́ olùwádìí, pọ̀ ní Amẹ́ríkà. Fúnmiláyọ̀ Ọlọ́pàdé, tó jáde ní Ìbàdàn ní 1980, ti lo ọ̀pọ̀ ọdún ní University of Chicago lórí jẹjẹrẹ ọyàn láàárín àwọn obìnrin tó ṣẹ̀ wá láti Áfíríkà. Àwọn mìíràn wà tí láàbù wọn lè gba ọmọ kan lásìkò ìsinmi, bí wọn kò tilẹ̀ ní owó oṣù láti fún un. Ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ní Maryland àti Houston, tí wọ́n ń dáwó jọ fún ayẹyẹ lọ́dọọdún, lè mú díẹ̀ nínú owó náà fi san owó ọkọ̀ àti oúnjẹ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fún oṣù méjì, kó má baà jẹ́ pé ọmọ olówó nìkan ni yóò lè ṣiṣẹ́ láàbù lọ́fẹ̀ẹ́.