Iṣẹ́ Abẹ Imú: Béèrè Ìdí Rẹ̀ Kí O Tó Béèrè Ọ̀nà

Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí dá lórí iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń tún imú ṣe. Àwọn ọ̀dọ́ wa ń wo fídíò rẹ̀ lórí fóònù, ohun tí wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé: nínú ọ̀nà méjì tí dókítà ń gbà ṣe é, èwo ló dára jù? Ìbéèrè náà kò burú, àmọ́ lójú tèmi, òmíràn wà tó yẹ kó ṣáájú rẹ̀.

Ní ọ̀nà kìíní, inú ihò imú ni gbogbo ibi tí abẹ máa kàn wà, nítorí náà kò ní sí àpá níta. John Orlando Roe, dókítà kan ní ìlú Rochester ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa irú rẹ̀ ní 1887. Lẹ́yìn rẹ̀, Jacques Joseph mú iṣẹ́ náà gbilẹ̀ ní Berlin, lórílẹ̀-èdè Jámánì. Ní ọ̀nà kejì, wọ́n máa ń la ẹran tín-ín-rín tó wà láàárín ihò imú méjèèjì, wọ́n á wá ká awọ imú sókè bí mẹkáníìkì ṣe ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò, kí wọ́n lè rí eegun àti kerekere tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi wọ́n wéra. Ti inú sábà máa ń yára parí, wíwú rẹ̀ sì sábà máa ń tètè lọ. Ti ìta ló máa ń rọ dókítà lọ́rùn bí imú bá wọ́ gan-an, bí jàǹbá bá ti fọ́ ọ, tàbí bí wọ́n bá ti ṣe é rí tí kò dára. Ṣùgbọ́n àpá kékeré máa wà, ṣóńṣó imú sì lè wú fún ọ̀pọ̀ oṣù. Èyí ó wù kí wọ́n ṣe, ó lè tó ọdún kan kí imú tó fìdí múlẹ̀. Ẹni tí àpá máa ń ga sókè lára rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà ṣáájú.

Èwo wá ló tẹ́ àwọn tó ṣe é lọ́rùn jù? Láti 2000 ni àwọn dókítà ti ní ìbéèrè mẹ́fà kan tí wọ́n fi ń wọn ìtẹ́lọ́rùn. Lára rẹ̀ ni: ṣé imú náà wù ọ́, ṣé o ń mí dáadáa, ṣé o ṣì fẹ́ tún un ṣe? Nígbà tí wọ́n fi ọ̀nà méjèèjì wéra, ìyàtọ̀ tí wọ́n sábà máa ń rí nínú ìtẹ́lọ́rùn kò tó nǹkan. Ọkàn ẹni tó lọ ṣe é ni ìyàtọ̀ ńlá wà. Àìsàn ìrònú kan wà tó máa ń jẹ́ kí èèyàn rí àbùkù ńlá lára ara rẹ̀ níbi tí ẹlòmíràn kò ti rí nǹkan kan. Ẹni tó bá ní in kì í sábà ní ìtẹ́lọ́rùn, bó ti wù kí dókítà mọṣẹ́ tó.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní "nítorí kí ni?" ló yẹ kó ṣáájú "ọ̀nà wo?" ‘Arfajah ọmọ As‘ad, ọ̀kan nínú àwọn sàhábé, pàdánù imú rẹ̀ lójú ogun Kulāb. Ó fi fàdákà rọ́pò rẹ̀, fàdákà náà bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, Ànábì wa, kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, sì ní kó lo wúrà, bẹ́ẹ̀ wúrà jẹ́ èèwọ̀ fún ọkùnrin. Ní 2007, àwọn onímọ̀ Ìgbìmọ̀ Fiqh Àgbáyé pàdé ní Putrajaya, ní Malaysia. Wọ́n gbà pé ó tọ́ láti tún imú tó wọ́ gan-an àti àbùkù jàǹbá ṣe, àmọ́ wọn kò gba yíyí ojú tó pé padà nítorí ìfẹ́ inú àti àfarawé.

Nítorí náà, ẹ̀yin aáfà ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ ẹnu wa lórí mínbárì. Bí a bá ń sọ pé ẹnikẹ́ni tó tún imú ṣe ti yí ẹ̀dá Ọlọ́hun padà, ẹni tí ọ̀kadà gbé ṣubú tí kò lè mí dáadáa lóru máa jókòó sílé pẹ̀lú ìnira tí ẹ̀sìn kò gbé rù ú. Ẹ̀yin òbí náà, imú tó fẹ̀ kì í ṣe àìsàn. Imú bàbá àti ìyá wa ni. Ọmọ tí ẹ ń fi imú rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ilé, ẹ̀yin lẹ ń tì í lọ sábẹ́ abẹ.

Ìwọ tí o sì ń gbèrò rẹ̀, bi ara rẹ: ṣé mímí ló ń dà mí láàmú tàbí ẹnu èèyàn? Bí wọ́n bá ṣe é tán tí kò sẹ́ni tó yìn mí, ṣé inú mi yóò ṣì dùn? Bí ìdáhùn rẹ bá mọ́lẹ̀, wá dókítà tó mọṣẹ́, kí o jẹ́ kó yan ọ̀nà tó bá imú rẹ mu. Bí ó bá ní kí o má ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, fi orí ṣe àmì rúkúù àti sùjúdù bí aláìsàn ti ń ṣe. Ẹ̀sìn ìrọ̀rùn ni.

Kí Ọlọ́hun fi ìtẹ́lọ́rùn sí wa lọ́kàn. Wallāhu a‘lam.